Àláàmù Tí Ń Gbọ̀n Lápò Jẹ̀lílì

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni Jẹ̀lílì.

Òṣogbo ni wọ́n bí i sí, ní agboolé kan lẹ́yìn Ọjà Ọba. Iṣẹ́ réluwé ló kọ́kọ́ ṣe. Ó ń ka ẹrù wọlé, ó ń ka ẹrù jáde. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dákẹ́, ó bọ́ sí iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀, ibẹ̀ ló ti fẹ̀yìn tì. Kò torí ìyẹn jókòó sílé. Ó ní mọ́tò Kòrólà kan aláwọ̀ eérú. Láàárọ̀, á fi kó tíṣà mẹ́rin lọ sí Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà. Lọ́sàn-án, bí ilé ìwé bá jáde, á kó wọn padà wá sí Òṣogbo. Láàárín méjèèjì kò níṣẹ́ kankan, àfi kó dúró dè wọ́n.

Ìdúró yẹn gan-an ni wàhálà rẹ̀.

Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà yìí náà ni Béjidé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń gbé. Wọ́n jọ ṣiṣẹ́ réluwé ni. Béjidé ló ń fa ọ̀pá tí ń yí ojú irin padà fún ọkọ̀ ní sítéṣàn Òṣogbo. Ó fi ọdún márùn-ún ju Jẹ̀lílì lọ. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà pọ́ńbélé ni. Ọgbọ̀n ọdún ló gbé ní Òṣogbo, ó ṣì ń pe ilé ní "ulé". Lọ́dún tó kọjá, àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú. Ọwọ́ ọ̀tún kú. Ẹnu kò kú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ń pẹ́ kó tó jáde. Bó bá bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn kan, èèyàn lè bó ọsàn kan tán kó tó parí ẹ̀.

Ojoojúmọ́ ni Jẹ̀lílì ń yà síbẹ̀. Kì í pẹ́. Ọ̀nà ilé Béjidé kò gba mọ́tò, àgbàrá ti gbẹ́ ẹ. Etí títì ló ń gbé mọ́tò sí, á wá fẹsẹ̀ rin igba ìṣísẹ̀. Ẹni tó bá wà nílé kò lè rí títì. Nítorí náà, bí ìdí Jẹ̀lílì bá ti kan àga, á dìde, á lọ wo mọ́tò. Á padà wá, á dúró lẹ́nu ọ̀nà bí agbowó orí. Á tún lọ. Bó bá lọ lẹ́ẹ̀kẹta, kì í padà mọ́.

Lọ́jọ́ kan, Julianah ìyàwó Béjidé kò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Bàbá Ikhlas, ẹ má bínú o. Ọ̀rọ̀ kan wà tí bàbá yìí fẹ́ bá yín sọ. Láti ìgbà ààwẹ̀ yín ló ti ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Kó tó dé àárín, ẹ ti dìde."

"Kí ló fẹ́ sọ?"

"Mo bi í. Ó lóun ò rán mi."

Béjidé ń wò wọ́n látorí àga rẹ̀. Ó ya ẹnu. Wọ́n dúró.

"Mọ́tò," ló wí. Ó mí. "Lọ... fẹ́ ẹ."

Julianah bú sẹ́rìn-ín. "Ó ní kẹ́ ẹ lọ fi mọ́tò ṣaya!"

Jẹ̀lílì náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà gún un láyà. Ó sì tún dìde, ó lọ wo mọ́tò.

Kì í ṣe pé ó ya wèrè. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló á sá. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ó ní mọ́tò mìíràn, àláàmù sì wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, ó wà lórí ìrun ní mọ́sálásí kan nítòsí Ọjà Ọba, ni àláàmù kan bá bẹ̀rẹ̀ sí ké níta. Wíì-wíì-wíì, pé-pé-pé. Jẹ̀lílì gbọ́ ọ ketekete. Iwájú orí rẹ̀ wà nílẹ̀, ó ní nínú ọkàn rẹ̀ pé, "Aláìnítìjú wo ló ni mọ́tò tí ń da ìrun rú yìí? Ọlọ́run á fi ìyà jẹ ẹ́." Igbe náà ń jìnnà lọ díẹ̀díẹ̀, ó sì dákẹ́. Jẹ̀lílì dúpẹ́. Nígbà tí wọ́n sálámà, tí ìrun parí, tó sì jáde, àyè mọ́tò rẹ̀ ti ṣófo.

Ẹyọ igbe kan náà ni gbogbo àláàmù ìlú ń ké. Kò sí ẹni tí í dá ti ara rẹ̀ mọ̀.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun gbọ́. Kò sọ fún Rùkáyà ìyàwó rẹ̀, kò sọ fún ọlọ́pàá. Ikhlas, ọmọ rẹ̀ tó ń ṣe nọ́ọ̀sì l'Ábújà, ló ra Kòrólà yìí fún un. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀gbẹ́ mọ́tò ló ń tẹ́ ẹní ìrun sí ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀.

Ṣùgbọ́n "lọ fẹ́ ẹ" yẹn kò jẹ́ kó sinmi. Ó ní òun á wá àláàmù tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé.

Ọkùnrin kan tó so táì mọ́rùn ló kọ́kọ́ lọ bá, ní Òṣogbo.

"Dádì, eléyìí ń sọ̀rọ̀," ni ọkùnrin náà wí. "Bí olè bá sún mọ́ ọn, á kìlọ̀ fún un lédè Òyìnbó."

"Bí olè ò bá gbọ́ Òyìnbó ńkọ́?"

Ọkùnrin náà fa táì rẹ̀ tọ́. Ó ní ti ìgbàlódé ni, òun gan-an ni baba àláàmù, ọkàn Dádì á tutù bí omi àmù. Jẹ̀lílì ní kó jẹ́ kí òun gbọ́ igbe rẹ̀. Ọkùnrin náà tẹ̀ ẹ́. Wíì-wíì-wíì, pé-pé-pé. Kó tó pa á, Jẹ̀lílì ti wà lójú títì.

Ẹnì kejì ni Lùkúmọ̀n, ọmọ àbúrò rẹ̀ tí ń ta fóònù. Lùkúmọ̀n ní òun á fi nǹkan kan sínú mọ́tò náà tí yóò máa bá fóònù sọ̀rọ̀.

"Ibi yòówù kí wọ́n gbé e dé, bàbá, ẹ ó máa rí i."

"Bí mo bá rí i ní Kútọnu?"

"Ẹ ó mọ̀ pé Kútọnu ló wà."

"Èmi á wá lọ bá olè ní Kútọnu pẹ̀lú eékún yìí? Lùkúmọ̀n, n ò bi ọ́ níbi tó wà. Etí títì ni mo gbé e sí. Etí títì náà ni mo fẹ́ bá a."

Èyítáyọ̀, ọ̀kan nínú àwọn tíṣà tó ń kó, ló sọ fún un nípa Fadékẹ́. Ó ní obìnrin kan wà ní Iléṣà tó jẹ́ rẹwáyà, òun ni í tún wáyà bọ́ọ̀sì ilé ìwé àwọn ṣe.

"Iṣẹ́ ẹ̀ dára, sà. Àmọ́ kì í sọ̀rọ̀."

"Irú ẹ̀ ni mò ń wá," ni Jẹ̀lílì wí.

Fadékẹ́ tó ẹni ogójì ọdún. Orí táyà kan ló jókòó sí, ó ń bó wáyà, ó gbé awò sójú. Jẹ̀lílì kí i, ó sọ ohun tó bá wá. Fadékẹ́ kò gbé ọjà kankan jáde.

"Bàbá, ṣé wọ́n ti jí tiyín rí ni?"

"Wọ́n ti jí i."

"Ṣé ó ní àláàmù?"

"Ó ní."

"Ṣé ó ké?"

Jẹ̀lílì wo ilẹ̀. "Ó ké."

"Ta ló gbọ́ ọ?"

"Èmi ni."

Fadékẹ́ gbé ẹ̀mú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Jẹ̀lílì kò mọ ohun tó ṣe é tó fi sọ gbogbo rẹ̀: ìrun, igbe, àti ohun tó wí nígbà tí orí rẹ̀ wà nílẹ̀. Obìnrin náà fẹ́ pa ẹ̀rín mọ́ra, kò rí i ṣe.

"Yéè! Bàbá, ara yín lẹ ṣẹ́ èpè fún!"

"Lórí ìrun!" ni Jẹ̀lílì wí.

"Ó sì gbà kíá!"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú Jẹ̀lílì. Ọdún mẹ́ta ló ti gbé e mọ́ra.

Nígbà tí ẹ̀rín tán, Fadékẹ́ ní, "Ó dáa. Ṣé ariwo lẹ fẹ́ ni, àbí kí mọ́tò má lọ?"

Kò sí ẹni tó tíì bi í bẹ́ẹ̀ rí.

"Kó má lọ," ló wí. "Bí nǹkan bá sì fọwọ́ kàn án, kí n mọ̀ pé tèmi ni."

Ìgbà yẹn ni Fadékẹ́ wọlé lọ gbé páálí kan wá. Ó mú rímóòtù kan jáde nínú rẹ̀, èyí tó ní ojú kékeré bíi ti aago. Ó ní inú àpò ni rímóòtù yìí ń gbé, kì í ké, ṣe ló máa ń gbọ̀n. Bí nǹkan bá kàn kọ lu mọ́tò, á gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, àwòrán òòlù á sì yọ lójú rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn, á máa gbọ̀n ṣáá ni, àwòrán ilẹ̀kùn ló sì máa yọ.

"Kì í sọ Òyìnbó?"

"Kì í sọ nǹkan kan, bàbá."

"Ó ń gbọ́ mọ́tò dé ibo?"

"Àwọn tó ṣe é ní ó dé kìlómítà kan. Irọ́ ni. Níbi tí ilé bá pọ̀, ẹ ṣírò ẹ̀ sí ẹgbẹ̀ta ìṣísẹ̀."

"Igba ni tèmi."

"Ó tó yín, ó sì ṣẹ́kù. Màá tún gé wáyà tí ń gbé iná lọ síbi páńpù epo, màá mú un gba inú àláàmù. Ẹni tí kò bá ní rímóòtù, epo ò ní dé ẹ́ńjìnì ẹ̀."

"Ní Òṣogbo, wọ́n ní wákàtí kan làwọn fi ń ṣe é."

"Wákàtí kan, ibi tí olè mọ̀ ni wọ́n máa so ó sí. Ẹ fún mi ní odindi ọjọ́ kan."

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ṣe é. Fadékẹ́ tú àga, ó ká ohun tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ mọ́tò. Ibikíbi tí wáyà méjì bá ti pàdé, òjé ló ń yọ́ sí i, kó tó fi rọ́bà wé e. Ó so àláàmù náà síbi kan tí Jẹ̀lílì fojú rí, ó ní kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún mẹkáníìkì pàápàá. Síréènì rẹ̀ ní bátìrì kékeré tirẹ̀ nínú, nítorí olè tó bá kọ́kọ́ gé orí bátìrì mọ́tò. Oòrùn ti ń rọlẹ̀ kó tó parí. Ló bá kígbe sí òdìkejì títì, níbi tí Àbídèmí tí ń lu ara mọ́tò gbé ń ṣiṣẹ́.

"Àbídèmí! Wá jí mọ́tò yìí."

"Ta ló ni ín?"

"Bàbá yìí ni. Àwọn ló ní kóo jí i."

Inú Àbídèmí dùn. Fadékẹ́ fún un ní kọ́kọ́rọ́ gan-an, ṣùgbọ́n àpò Jẹ̀lílì ni rímóòtù wà. Bó ti ṣílẹ̀kùn báyìí, àpò Jẹ̀lílì gbọ̀n rìrì, bàbá fò sókè. Síréènì ké, ẹ́ńjìnì dáhùn, mọ́tò ṣí. Ó dé ìdí igi gúáfà, ìwọ̀nba epo tó ti wà lọ́nà tán, ó wúkọ́, ó kú. Àbídèmí ṣáná sí i títí, kò jẹ́.

"Mo jẹ́wọ́ o!" Àbídèmí jáde, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè. "Ẹ má pe ọlọ́pàá, ìyá mi á sunkún!"

Jẹ̀lílì rìn yí mọ́tò náà ká. "Tún un jí," ló wí.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ní kó jí i.

Kò lọ geere bẹ́ẹ̀ náà. Ní ọjọ́ kejì, gbogbo ọ̀kadà tó bá kọjá níwájú ilé rẹ̀ ló ń mú àpò rẹ̀ gbọ̀n. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ó padà sí Iléṣà. Fadékẹ́ fi súkúrúdíráfà kékeré yí nǹkan kan lábẹ́ àga, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá mọ́tò, kò gbọ̀n. Ó fi ẹ̀ṣẹ́ kàn án, ó gbọ̀n. Ó ní, "Ó parí."

Ní ọjọ́ Túsìdeè, Jẹ̀lílì já àwọn tíṣà sílẹ̀, ó gbé mọ́tò sí etí títì, ó tẹ rímóòtù, ó rin igba ìṣísẹ̀. Ó kí Béjidé, ó kí Julianah tó ń ṣa ẹ̀wà. Ó jókòó. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú àpò.

Béjidé ya ẹnu. "Jẹ̀... lílì."

"Ẹ̀gbọ́n."

"Mo... fẹ́..."

Àpò gbọ̀n.

Ìdí Jẹ̀lílì ti kúrò lórí àga kó tó mọ̀. Béjidé pa ẹnu dé, ó yí ojú sí ògiri. Ọwọ́ Julianah dúró nínú ẹ̀wà.

Jẹ̀lílì fa rímóòtù yọ. Òòlù ni. Bó ti ń wò ó, ó tún gbọ̀n. Òòlù náà ni. Ilẹ̀kùn kò ṣí. Ó dúró ní ìlàjì ìdìde fún bí ìgbà tí èèyàn á fi ka ení dé ẹ̀wá. Ló bá padà jókòó. Ó gbé rímóòtù náà sórí tábìlì.

"Nǹkan kan ló kọ lù ú. Ẹ máa wí, ẹ̀gbọ́n. Mo ń gbọ́."

Béjidé ṣẹ́jú. Ó tún un bẹ̀rẹ̀ látòkè. "Mo fẹ́... kóo gbé mi... lọ wo... irin."

"Irin wo?"

"Irin... wa. Sítéṣàn."

"Ti Òṣogbo?"

Béjidé mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Kò tíì parí. Jẹ̀lílì dúró. Béjidé gbé ọwọ́ òsì sókè díẹ̀díẹ̀, ó fi fa ọ̀pá kan tí kò sí níbẹ̀. "Eléyìí... lè yí i."

Julianah fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ohun tó ti wà níkùn ẹ̀ láti ìgbà ààwẹ̀ nìyí!"

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló máa jẹ́ kẹ́ ẹ fọwọ́ kan ọ̀pá ìjọba?"

"Ìwọ... máa ṣọ́ wọn," ni Béjidé wí. Ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ kan rẹ́rìn-ín. "Ṣebí... iṣẹ́ ẹ... ni."

Wọ́n fi í sí ọjọ́ Sátidé. Julianah béèrè bí wọ́n ṣe máa gbé e kọjá àgbàrá. Jẹ̀lílì ní òun á mú Àbídèmí wá láti Iléṣà, kí àwọn méjèèjì gbé e tàgatàga. Béjidé ní òun á rin ìdajì. Julianah ní irọ́ ni. Wọ́n jiyàn rẹ̀ títí fóònù Jẹ̀lílì fi dún.

"Bàbá," ni Èyítáyọ̀ wí, "ó ti pẹ́ táa ti wà lẹ́nu géètì. Ṣé kò sí o?"

Kò pẹ́ bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn rí. Ó mú rímóòtù lórí tábìlì, ó sáré jáde. Nígbà tó dé etí títì, ewúrẹ́ kan ń fi ẹ̀yìn họ ara rẹ̀ lára bọ́ńpà mọ́tò. Ó lé e, ó lọ kó àwọn tíṣà.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó jẹ ẹ̀kọ mẹ́ta pẹ̀lú ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti orí ẹja kan, kò sì dìde lọ wo mọ́tò lẹ́ẹ̀kan.