Ẹnu Ibodè Orí Òkè

Bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa àpáta, tí oòrùn sì ràn sí i, òórùn kan máa ń jáde níbẹ̀, bíi ti ìkòkò tuntun tí a kọ́kọ́ bu omi sí. Àwọn ẹlòmíràn fẹ́ràn rẹ̀. Ní tèmi, àyà mi a já, nítorí orí òkè àwọn baba wa ni ó máa ń gbé mi padà sí, ní ọdún 1983 tí ìbò dá ìjà sílẹ̀ lágbègbè wa. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ọmọ àwọn tó lé wa àti ọmọ àwa tí a sá jọ ń nájà pọ̀ báyìí.

Ìlú wa kò jìnnà sí Ìdóàní. Nígbà ogun àtijọ́, orí òkè yẹn ni gbogbo ìlú ń gbé. Ìpìlẹ̀ ilé tí wọ́n fi òkúta tò ṣì wà níbẹ̀, pẹ̀lú kòtò róbótó-róbótó lára àpáta níbi tí àwọn obìnrin ti ń lọ àgbàdo. Láti apá ibi tí ìlú wà báyìí, ọ̀nà kan ni wọ́n ń gbà wọ̀ ọ́, àlàfo tóóró láàárín àpáta ńlá méjì tí wọ́n ń pè ní ibodè. Ìyá bàbá mi a máa sọ fún wa ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé ẹ̀yìn ni ẹni tó bá wá ní àlàáfíà ń fi wọlé níbẹ̀, kí ó lè hàn pé ó fi ẹ̀mí rẹ̀ lé àwọn ará inú lọ́wọ́. Káfíńtà tó ń gbé òdìkejì ilé wa, ọmọ Àkókó, a máa wá bá wa gbọ́ ìtàn náà. Ó bi í lẹ́ẹ̀kan pé, “Màmá, bí àlejò bá wá ṣubú ńkọ́?”

“A ó gbé e dìde. Ẹni tó bá kọjú sí wa ni òkúta wà fún.”

Káfíńtà ní abájọ tí ìdí àwọn àgbà ìlú wa fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Màmá ju ṣùkù àgbàdo lù ú, gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ìbò dé, bàbá mi wà nínú ẹgbẹ́ kan, káfíńtà wà nínú èkejì, wọn kò sì kí ara wọn mọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, àwọn ẹgbẹ́ kejì sun ilé kan ní àdúgbò wa, wọ́n sì ń pariwo orúkọ bàbá mi. Bàbá mi pọn màmá, èmi àti ìyá mi tẹ̀ lé e, a gun òkè.

A wà níbẹ̀ láìdá iná. Òjò rọ̀, ó dá. Ní ọ̀sán, a gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lórí àpáta. Bàbá mi gun orí ibodè, ó gbé òkúta kan dé àyà. Mo yọjú. Káfíńtà ni, àdá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá mi fi ọwọ́ bo ẹnu.

Káfíńtà dúró, ó wo àlàfo náà títí. Ó fi àdá sílẹ̀. Ó yí padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn bọ̀, tòun ti ẹ̀wù tí òógùn ti mú lẹ̀ mọ́ ọn lára. Àpáta ń yọ̀. Ó kọsẹ̀, ó fi ìdí jókòó gbì sáàárín ibodè, ṣùgbọ́n kò bojú wẹ̀yìn.

Màmá ní, “Ẹ gbé e dìde.”

Bàbá mi rọra sọ òkúta náà kalẹ̀, ó sì lọ gbé e dìde. Káfíńtà sọ fún wa pé àwọn ẹgbẹ́ òun ti mọ ibi tí a wà, wọ́n ń bọ̀, kí a gba ẹ̀yìn òkè sọ̀kalẹ̀ sí ọ̀nà oko kíá. Bàbá mi bi í pé kí ni a ó fi gbà á gbọ́. Ẹ̀yìn ni ó ṣì kọ sí wa.

Àwa àti òun jọ sọ̀kalẹ̀. A kò tíì dé odò tó wà lọ́nà oko tí a fi gbọ́ ìró ìbọn lórí òkè.

Àwọn ọ̀dọ́ ń mú àlejò lọ wo òkè náà báyìí, wọ́n ń ya fọ́tò ògiri, wọ́n ní òkúta wọ̀nyẹn ló gba ìlú là. Mi ò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n láti ọdún yẹn, mi ò lè jókòó kí n kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn, ì báà ṣe inú ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ọmọ mi a máa fi mí rẹ́rìn-ín. Ìdí nìyẹn tí mo fi mọ bí ẹ̀yìn tí ọkùnrin náà kọ sí wa ní ibodè lọ́jọ́ náà ti wúwo tó.