Àdúgbò Tuntun Tí Kò Níbi Ìjókòó

Ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí nígbà tí a kó lọ sí Àdúgbò Tuntun n'Ìkirè. Ayé òyìnbó ni, kòkó ń pawó, gbogbo ẹni tó bá ti ta kòkó ló fẹ́ fi páànù bolé!

Àwọn tó ń wọn ilẹ̀ wá láti Ìbàdàn, wọ́n fa okùn, wọ́n kan èèkàn. Títì gún régé, ilé tò bí ọmọ sùkúù. Ó mà rẹwà o! Ṣùgbọ́n kànga ńkọ́? Kò sí. Ọjà ńkọ́? Kò sí. Ibi tí àgbàlagbà máa jókòó ńkọ́? Ta ló rántí ìyẹn!

Èmi ò bínú. Iyọ̀ àti kẹrosíìnì ni mò ń tà; bí kò bá sí ọjà, iwájú ilé mi dọjà nìyẹn.

Ìyá ọkọ mi lọ̀rọ̀ náà dùn jù. Ní agboolé wọn l'Ápòmù, gbogbo ojúlé ló kọjú sí agbàlá kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá sín, gbogbo ilé á kí wọn. Níbí, ta ló gbọ́? Wọn ò jẹun mọ́. Wọ́n láwọn ń padà sí Àpòmù. Ọkọ mi, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ní bí ìyá òun bá lọ, òun náà ń lọ. Kí n wá máa bá eku gbé ilé páànù!

Kòkó ló yọ mí. Ojú títì ni a ń sá a sí, àfi ìgbà tí lọ́rì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ni Ìyá bá ní ká kó kòkó lọ sórí ilẹ̀ kan tí wọn ò tíì kọ́lé sí láàárín àdúgbò, wọ́n ká ẹní, wọ́n lọ ń ṣọ́ ọ. Wọ́n ń fi ẹsẹ̀ ro kòkó, wọ́n ń fọ̀pá lé ewúrẹ́. Kò pẹ́, àwọn ìyá yòókù gbé tiwọn dé. Ọ̀rọ̀ dùn, ẹ̀rín ń sọ. Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, wọ́n tún ń bá mi du ẹran!

Ọjọ́ kan, ẹni tó ni ilẹ̀ dé, ọkùnrin kan tó ń ra kòkó. Ó fẹ́ kọ́ ilé ìkẹ́rù síbẹ̀, ó ní ká palẹ̀ mọ́ kíá. Mo ní, "Bàbá, ṣé kì í ṣe kòkó tí ẹ máa rà náà lẹ ń lé yìí?" Kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó tún padà wá, ó kó bíríkìlà dání, ó sì mú ìyá rẹ̀ wá kó wá da omi tútù sórí ilẹ̀. Àṣà tiwa ni pé bí ìyá onílé ò bá tíì da omi sílẹ̀, bíríkìlà kì í gbẹ́lẹ̀. Ìyá ọkọ mi sún díẹ̀ lórí ẹní, wọ́n ní, "Ẹ jókòó, ìyá oníkòkó." Bí ìyẹn ṣe jókòó, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn!

Ọmọ pè é, pè é. Ìyá rẹ̀ ò dìde. Ó ní, "Bí mo bá wá kí ọ níbí, orí àpò kòkó ni kí n jókòó sí?" Ló bá gbé igbá omi tó yẹ kó dà sílẹ̀, ó mu nínú rẹ̀, ó sì gbé ìyókù fún ìyá ọkọ mi!

Bíríkìlà kó irinṣẹ́ wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín lọ. Ọkùnrin náà wá ilẹ̀ míì lọ́nà Ìbàdàn. Àpòmù ò sí lẹ́nu ìyá ọkọ mi mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ilé rẹpẹtẹ lóde òní, kí ẹ tó kan èèkàn, ẹ bi àwọn ìyá léèrè ibi tí wọ́n fẹ́ jókòó. Àdúgbò tiyín ńkọ́? Níbo lẹ ti ń bára yín sọ̀rọ̀? Ẹ sọ fún mi, ẹ má fi pamọ́!