Orí Mẹ́ta fún Ahunṣọ Kan

Mo ti sọ fún àwọn ọmọ mi pé n kò ní í bínú mọ́ lórí ọ̀rọ̀ ère yẹn. Irọ́ ni mo pa. Ní gbogbo ìgbà tí ọ̀kadà bá gbé mi kọjá ní oríta ìlú wa, bí mo bá ń lọ sí Kàbbà, tí mo sì rí obìnrin onírin tó jókòó síwájú òfì láìní orí, inú mi a tún ru bí ẹ̀kọ tí wọn kò dín iná rẹ̀ kù.

Èmi ni mo dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Àwòrán yíyà ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama títí mo fi fẹ̀yìn tì. Àkìtàn ni oríta yẹn tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àwọn obìnrin ìlú kó ìdọ̀tí ibẹ̀ dànù, irin ló kù jọ pelemọ: ṣéènì ọ̀kadà, sipóòkù kẹ̀kẹ́, páànù tó ti dípẹtà, ọkọ́ tí kò ní èékù, orí ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo ní kí a má tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Mo ní kí a fi mọ ère obìnrin tó ń hun aṣọ, kí olúkúlùkù ilé sì mú irin tirẹ̀ wá kún un, nítorí aṣọ híhun ni wọ́n fi ń mọ àwọn ìyá wa ní gbogbo agbègbè yìí kó tó di pé aṣọ ọjà gbòde.

Bẹ́ẹ̀ ni mo wí ní gbangba. Ṣùgbọ́n ìyá mi ni mo ń ṣe é fún. Ó hun aṣọ títí ojú rẹ̀ fi ṣú, ọwọ́ ló wá fi ń ríran. Òun ni mo wò tí mo fi ya àwòrán náà sórí páálí: ẹsẹ̀ nínà, àpasà tó fi ń lu òwú pọ̀ lọ́wọ́, ẹnu tó máa ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan bí òwú bá já. Mo ṣèlérí fún un pé yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan ojú ara rẹ̀ ní oríta kó tó fi ayé sílẹ̀.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó wá ní kí n lọ gbé ìkòkò irin rẹ̀ wá láti ilé ìdáná, ìkòkò dúdú ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó fi bọ́ gbogbo wa. Ẹsẹ̀ kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kán, ó kúrú, òkúta pẹlẹbẹ kan ló sì máa ń wà lábẹ́ rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé wa. Ó ní, “Ẹ fi ṣe ojú mi. Òun náà ti rí iná tó.”

Ní ìlú wa, ohun tí gbogbo wa bá jọ fẹ́ ṣe, àdúgbò-àdúgbò ni a ń pín in. Bó jẹ́ ọ̀nà la fẹ́ ro, bó jẹ́ ọjà la fẹ́ gbá, àdúgbò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ ibi tí tiwọn ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Oyè pàápàá ń yí káàkiri ni. Nítorí náà, nígbà tí àwọn àgbà jókòó lórí ọ̀rọ̀ ère, wọ́n pín obìnrin náà bí ẹni pín ẹran: orí àti ọrùn fún àdúgbò kan, apá àti òfì fún èkejì, ìbàdí àti ẹsẹ̀ fún ẹ̀kẹta. Mo béèrè pé kí ni ti àwọn obìnrin. Bàbá tó ṣe alága, ẹni tó tún jẹ́ olórí àdúgbò tí wọ́n fẹ́ ìyá mi sí, wò mí tìyanu-tìyanu. Ó ní obìnrin kì í ṣe àdúgbò, ilé ọkọ lobìnrin ń gbé. Ó ní kí wọ́n se oúnjẹ fún àwọn jórinjórin.

Mo gbé e mì. Mo gbé ìkòkò ìyá mi fún àdúgbò wa, nítorí àwọn ni wọ́n pín orí fún.

Nígbà tí ọjọ́ tí a dá pé, àdúgbò kọ̀ọ̀kan gbé iṣẹ́ tirẹ̀ dé oríta, tí wọ́n fi àpò ìrẹsì wé e pinpin kí ẹnikẹ́ni má baà rí i ṣáájú ọjọ́ ìṣíṣọ lójú ère. Wọ́n sọ wọ́n kalẹ̀. Mo wò ó, ó dà bí ẹni pé ojú ń tàn mí. Ohun róbótó mẹ́ta ni. Orí, orí, orí. Kò sí apá, kò sí ẹsẹ̀. Àṣé kò sí àdúgbò tó gbà láti di ẹsẹ̀ lábẹ́ àdúgbò mìíràn. Ọjọ́ tí a pín iṣẹ́, gbogbo wọn mi orí sí mi pé àwọn gbà, wọ́n délé, oníkálukú lọ ń mọ orí.

“Ṣé bàbá wa ni yóò ru bàbá wọn?” Ohun tí ọ̀kan sọ fún mi nìyẹn, láìtijú, níwájú ọmọdé.

Yorùbá ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Tiwa wà lọ́jà o, wọ́n pé jọ, orí ni wọ́n ń jà sí! Wọ́n jà títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú, oníkálukú sì gbé orí tirẹ̀ padà sílé.

Àwọn obìnrin ló parí iṣẹ́ náà. Ìyàwó onígbàgbọ́ àti ìyàwó mùsùlùmí, àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n lọ máa se oúnjẹ, wọ́n da gààrí àti iṣu jọ, wọ́n tà á, wọ́n fi gbé iṣẹ́ fún jórinjórin. Wọ́n mú àwòrán mi dání tọ̀ ọ́ lọ. Gbogbo òwú òfì náà, ṣéènì ọ̀kadà ni. Àpasà, irin abẹ́ mọ́tò ni. Ẹsẹ̀ tí àwọn ọkùnrin kọ̀, páìpù omi ẹ̀rọ tí kò yọ omi rí láti ọjọ́ tí ìjọba ti rì í mọ́lẹ̀ ni a fi ṣe é, ó sì nà gbọọrọ síwájú bí ẹsẹ̀ ìyá mi gan-an. Ó kù kí a rí orí gbé lé e.

Mo lọ bẹ bàbá alága lójúmọmọ. Mo kúnlẹ̀. Mo ní ìyá mi ti ń rẹ̀ sí i, kí wọ́n yọ̀ǹda orí kan, orí èyíkéyìí. Ó ní kí n lọ farabalẹ̀, pé àwọn ti rí ojútùú ọ̀rọ̀ náà. Ẹ gbọ́ ojútùú: orí yóò máa yí bí oyè. Àdúgbò kan yóò gbé tirẹ̀ lé e fún ọdún kan, bí ọdún bá yí, wọ́n á tú u, àdúgbò kejì á gbé tirẹ̀ wá. Mo fẹ́ sunkún, mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo ní ó dára. Kí ìyá mi ṣáà rí nǹkan fọwọ́ kàn.

Ọjọ́ ìṣíṣọ pé, àdúgbò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì tún gbé orí wọn wá. Mo gbé ìyá mi sórí àga lábẹ́ àtíbàbà tí wọ́n ta síbẹ̀, ó wọ aṣọ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń kí i, “Okun o, ìyá.” Ó ń dá wọn lóhùn pẹ̀lú ẹ̀rín. Wọ́n tú àpò àkọ́kọ́. Fìlà ni mo kọ́kọ́ rí, fìlà páànù, lẹ́yìn náà mo rí irun imú tí wọ́n fi ṣéènì ṣe. Mo rò pé àṣìṣe ni. Wọ́n tú èkejì. Fìlà, pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ ìjòyè lọ́rùn. Wọ́n tú tiwa. Fìlà gígẹ̀, irùngbọ̀n sipóòkù, lára ìkòkò ìyá mi tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, tí wọ́n sì lu ihò ojú àti ẹnu sí.

Ọkùnrin mẹ́ta! Ní odidi ìlú, àdúgbò mẹ́ta, wọ́n jókòó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹnì kan kò bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀, gbogbo wọn sì mọ orí ọkùnrin fún obìnrin tó ń hun aṣọ. Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Mo kígbe pé kí lèyí. Bàbá alága sì fi sùúrù dá mi lóhùn bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀, pé ara lè jẹ́ ti obìnrin, ṣùgbọ́n a kì í fi orí obìnrin ṣojú ìlú.

Ìyá mi gbọ́ pàtẹ́wọ́ náà. Ó ní, “Mú mi dé ìdí ìkòkò mi.”

N kò lè sọ fún un. Mo mú un lọ́wọ́, mo fi ọwọ́ rẹ̀ lé e. Ó ń fọwọ́ wá a díẹ̀díẹ̀. Ó kan irùngbọ̀n, ó dúró. Ó kan ẹnu àti ihò ojú méjèèjì. Ó gòkè dé fìlà, ó ti ìka bọ abẹ́ rẹ̀, ó rí ẹsẹ̀ ìkòkò tó kán. Ó di ibẹ̀ mú pẹ́.

Ó ní, “Ta lèyí?”

Ó yíjú sí ibi tó ti gbọ́ ohùn bàbá alága. Bó ti wù kí inú bí i tó, ìyàwó ilé kì í fi “ìwọ” pe àgbà ilé ọkọ. Ó ní, “Baálé wa, èmi kò fún yín ní orí. Ìkòkò ni mo fún yín. Ẹ fún mi ní ìkòkò mi.”

Jórinjórin gé fìlà kúrò níbẹ̀, ó gé irùngbọ̀n. Àwọn obìnrin kò jẹ́ kí wọ́n gbé orí méjì yòókù lé ère náà. Wọ́n jókòó yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká títí àwọn ọkùnrin fi gbé orí wọn lọ sílé. Mo fẹ́ kí a mọ ojú obìnrin sí ìkòkò náà lọ́tun, mo bẹ̀bẹ̀, mo bínú, ìyá mi kọ̀. Ó ní kí n gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí àwọn àlejò ń jókòó.

Ibẹ̀ ni bàbá alága bá ìkòkò náà nígbà tó wá bẹ ìyá mi kí ọ̀rọ̀ náà tán nílẹ̀. Ó kí i, “Okun o.” Ìyá mi dá a lóhùn dáadáa, ó ní kó jókòó. Ó wá ní kí n fún baálé wa lómi. Mo mú ife. Ó ní kí n gbé ife sílẹ̀, kí n bu omi sínú ìkòkò òun, kí n gbé e fún wọn.

Mo bu ú, mo kúnlẹ̀, mo gbé e fún un lọ́wọ́ méjèèjì. Bàbá kò lè kọ omi lọ́wọ́ wa, ó gbà á. Omi ń tú gba ihò ojú, ó ń tú gba ẹnu, ó rin agbádá rẹ̀ láti àyà dé orúnkún. Ìyá mi ń gbọ́ bó ti ń dà sílẹ̀.

Ó ní, “Ẹ rọra mu ún, baálé wa. Ẹ̀yin lẹ ṣe é.”