Bí A Ṣe Múra De Ọmọ Kejì Bọ́sẹ̀

Ọwọ́ òsì ni ọmọ náà fi na ọsàn sí mi. Ọjọ́ aboyún ni, gbogbo bẹ́ǹṣì tó wà ní ilé ìwòsàn alábọ́dé wa ní Ìsùadà ló kún fọ́fọ́, ẹsẹ̀ sì ti ń ro mí láti àárọ̀. Mo ti la ẹnu láti sọ ohun tí àgbàlagbà ilẹ̀ wa máa ń sọ fún ọmọ tó bá fi ọwọ́ òsì fún un ní nǹkan. Ìyá rẹ̀ ló yára gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ mi lẹ́nu.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni ò lágbára. Èmi ni mo bà á jẹ́ nígbà tí mò ń bí i."

Mo gba ọsàn náà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ. Dáre lorúkọ rẹ̀. Ó ti ń sọ̀rọ̀ bí àgbà, ó sanra, ara rẹ̀ dá ṣáṣá, àmọ́ apá ọ̀tún rẹ̀ rọ̀ mọ́ ìhà, ó sì yí sínú díẹ̀. Oyún ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hàn ni. Láti ìgbà tí mo ti ń gbẹ̀bí ní Ìdógùn, kí wọ́n tó gbé mi wá sí Ìsùadà, mo ti gbọ́ kí obìnrin tó ń rọbí bú ọkọ rẹ̀, kí ó bú àna rẹ̀, kí ó bú èmi gan-an tí mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Gbogbo ìyẹn kì í dùn mí. Obìnrin tó bá ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi ló máa ń bà mí nínú jẹ́. Mo ní kó jókòó dè mí títí èrò á fi dín kù.

Bọ́sẹ̀ lorúkọ obìnrin náà, olùkọ́ ni nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Káfíńtà ni Káyọ̀dé ọkọ rẹ̀. Nígbà tí oyún Dáre dàgbà, ìyá ọkọ rẹ̀ wá mú un lọ sí Ìdógùn kí ó lè tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Ìtọ́jú náà ò kéré: iyán láàárọ̀, iyán lálẹ́, ìgò mọ́ọ̀tì láàárín méjèèjì. Bí ikùn ṣe ń tóbi ni inú gbogbo ilé ń dùn. Ìgbà tí ìrọbí dé, ilé ìyá àgbà kan tó ń gbẹ̀bí ládùúgbò ni wọ́n gbé e lọ.

"Orí ọmọ jáde," Bọ́sẹ̀ sọ fún mi, "ó wá dúró. Ó tún fà sẹ́yìn díẹ̀. Ni gbogbo wọn bá figbe ta: tì í, tì í, o fẹ́ pa ọmọ! Ẹnì kan ń fa orí, ẹnì kan gorí mi, ó ń tẹ òkè ikùn. Mi ò mọ ẹni tó jẹ́, mo ti di ojú. Nọ́ọ̀sì, mo tì í o. Mo fi gbogbo agbára mi tì í. Àmọ́ bóyá kò tó."

"Ta ló sọ fún ẹ pé kò tó?"

Ó wo ilẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Dáre, gbogbo ará àdúgbò ló wá kí i. Ẹ kú ewu ọmọ, ewu iná kì í pa àwòdì. Àwọn tí kò bá a sọ̀rọ̀ rí pàápàá kí i. Ìyá ọkọ rẹ̀ wẹ ọmọ, ó se omi gbígbóná, ó fọ aṣọ, ṣùgbọ́n kò kí i kú ewu. Ohun tó sọ ni pé obìnrin tí kò bá fi ọkàn tì í ló ń ṣe ọmọ léṣe. Títí di ọjọ́ tí a jókòó yẹn, ìkíni náà ò tíì wá. Ẹ̀rù ibi tí ó máa bí èyí tó wà nínú ló ń bà á. Nígbà míì, bó ṣe wí, ó máa ń ronú pé ó yẹ kí wọ́n kúkú la inú òun. Bó bá tún ronú nípa abẹ, àyà rẹ̀ a já.

Mo ní kó mú ọkọ rẹ̀ wá lọ́jọ́ kejì. Mi ò fẹ́ràn kí n máa ṣàlàyé oyún fún aboyún nìkan, bí ẹni pé òun nìkan ló lóyún ara rẹ̀.

Káyọ̀dé dé pẹ̀lú ìyẹ̀fun pákó lórí ìpéǹpéjú. Mo bi í pé, "Bí o bá kan àga ńlá, tí o fẹ́ gbé e gba ẹnu ọ̀nà, tí apá àga wá kọ́ férémù, kí lo máa ṣe?"

"A ò ní fi agbára tì í, Màmá. Bí ẹ bá tì í, ẹ ó fọ́ àga, ẹ ó fọ́ ilẹ̀kùn. Ẹ ó dà á ní ẹ̀gbẹ́ ni."

"Káfíńtà, o ti gbẹ̀bí tán."

Ó rẹ́rìn-ín. Mo wá sọ fún wọn pé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Dáre nìyẹn: orí ti jáde, èjìká há sí egungun tó wà níwájú, lókè ojú ara. Àwa agbẹ̀bí máa ń mọ̀ ọ́n nígbà tí orí bá jáde tán tó tún fà sẹ́yìn bí orí ahun. Kò sí bí obìnrin ṣe lè tì í tó tí egungun á fi yẹ̀. Ṣe ni wọ́n máa ń ká orúnkún ìyá wá sí àyà kí ọ̀nà lè fẹ̀, wọ́n á sì fi ọwọ́ rọra yí èjìká ọmọ ní ẹ̀gbẹ́. Bí wọ́n bá ń fa orí, iṣan tó lọ sí apá á nà, apá á sì rọ.

Káyọ̀dé ti lóye. Bọ́sẹ̀ ò rẹ́rìn-ín rárá. Ó ní, "Ṣé èmi kọ́?"

"Ìwọ kọ́."

Ó fi ìborùn bo ojú, ó sunkún. A jẹ́ kó sunkún tẹ́rùn, nítorí ó ti pẹ́ tó ti ń gbé ẹkún yẹn kiri. Lẹ́yìn náà la wá bẹ̀rẹ̀ sí í múra.

Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ni mo kọ́kọ́ fẹ́ yẹ̀ wò, nítorí ó wà lára ohun tó máa ń mú ọmọ tóbi jù nínú. Mo ní kó wá láàárọ̀, kó má jẹ nǹkan kan. Ó wá, ṣùgbọ́n ó ti jẹ iyán. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti gbọ́ nípa oyún tuntun, ó ti dé láti Ìdógùn, ó sì ní aboyún kì í fi inú òfo jáde nílé. Mo dá a padà. Lọ́jọ́ kejì, màmá náà tẹ̀ lé e wá fúnra rẹ̀, ó gbé abọ́ ọlọ́mọrí sórí itan, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá tí a ti ń gba ẹ̀jẹ̀ bí ọlọ́pàá. Bí a ṣe gba ẹ̀jẹ̀ tán ló ṣí ọmọrí. Mo fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló gbé mi lọ.

Èsì dé, ṣúgà ga díẹ̀. Mo sọ fún wọn pé irú èyí tí oyún ń mú wá ni, ó sábà máa ń lọ lẹ́yìn ìbímọ, ṣùgbọ́n iyán gbọ́dọ̀ dín, mọ́ọ̀tì gbọ́dọ̀ kúrò nílẹ̀, kí Bọ́sẹ̀ sì máa rìn.

"Nọ́ọ̀sì," Màmá Káyọ̀dé wí, ní ohùn Ìdógùn tó fi ń pe ọmọ ní ọma, "ṣé ẹ fẹ́ fi ebi pa ọma mi ni? Ọma tó tóbi là ń fẹ́."

"Màmá, iṣu kọ́ la fẹ́ wú."

Kò bá mi rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ ló ń wà nínú abọ́ yẹn. Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́: obìnrin náà ò ní àgídí tó bí mo ṣe rò.

Nígbà tó yá, gbogbo wa lọ rí dókítà ní ilé ìwòsàn ńlá ní Ọ̀wọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni dókítà náà, ó máa ń rọra sọ̀rọ̀, ó sì mọ bí a ṣe ń dúró kí ènìyàn rò ó. Ó gbé ọ̀nà méjì síwájú Bọ́sẹ̀. Èkíní, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n á ti dá ọjọ́ rẹ̀: èjìká ò ní há níbẹ̀, ṣùgbọ́n egbò wà níbẹ̀, oyún tó bá tún tẹ̀ lé e náà á ní ìṣọ́ra tirẹ̀. Èkejì, kó bí i fúnra rẹ̀, nílé ìwòsàn, níbi tí ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ ti wà ní sẹpẹ́. Èjìká tó há lẹ́ẹ̀kan lè tún há, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìgbà kì í tún há mọ́. Síkáànù, àwòrán inú ikùn, lè sọ bí ọmọ ṣe tóbi tó, ó sì lè ṣì í.

Káyọ̀dé wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló fèsì.

"Wọn ò la inú ẹnikẹ́ni rí ní ulé wa. Bí àwọn obìnrin Hébérù la ó ṣe bí i."

Mo ṣe àmín, nítorí ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì lèmi náà. Mo wá ní, "Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ni ikùn sọ̀rọ̀."

Bọ́sẹ̀ gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ bí i fúnra òun, nílé ìwòsàn yẹn, bí síkáànù ìkẹyìn bá fi hàn pé ọmọ ò tóbi jù. Bó bá tóbi jù, kí wọ́n ṣe abẹ, kí ẹnikẹ́ni má sì bá òun jiyàn. Èyí tó bá jẹ́, kí ẹnikẹ́ni má tẹ òun níkùn, kí ẹnikẹ́ni má pariwo mọ́ òun, kí wọ́n máa sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ fún òun.

"Mo sì fẹ́ kí Màmá dúró síta."

Màmá Káyọ̀dé tún gèlè rẹ̀ wé, gèlè tí kò tú. Ọ̀rọ̀ ń bẹ lẹ́nu Káyọ̀dé, mo fi ojú sọ fún un pé kó gbé e mì.

Kò pẹ́ sígbà náà ni màmá náà wá bá mi ní Ìsùadà, òun nìkan. Kò gbé abọ́ kankan lọ́wọ́, ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà.

"Nọ́ọ̀sì, kí ni mo ṣe fún ọma yìí? Mo wẹ ọma fún un. Mo fọ aṣọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kí ló dé tí ó fi ní kí n dúró síta?"

"Màmá, ẹ̀rù ọjọ́ yẹn ló ṣì ń bà á. Wọ́n ń pariwo mọ́ ọn, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ níkùn."

"Títẹ̀ ńkọ́? Ṣebí wọ́n fẹ́ ràn án lọ́wọ́ ni."

Mo ṣàlàyé fún un bí mo ṣe ṣàlàyé fún ọmọ rẹ̀. Mo ní bí èjìká bá ti há sí egungun, ẹni tó ń tẹ òkè ikùn ń kàn án mọ́ egungun ni. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ ni mo rí i pé kò wo mí mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tó gbé sórí itan ló ń wò.

"Ọwọ́ yìí ni," ó wí.

Mo fa àga mi sún mọ́ ọn.

"Ìyá àgbà ní kí n tẹ̀ ẹ́, mo tẹ̀ ẹ́. Ìgbà tí mo rí apá ọma, àyà mi já. Mo ní ẹnì kan ló ṣe é, mo sì sọ pé òun ni."

Mo sọ ohun tó jẹ́ òtítọ́ fún un: kò mọ̀, ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo rí àwọn tó kọ́ṣẹ́ tí wọ́n ń tẹ ikùn bẹ́ẹ̀. Kò jọ pé ó gbọ́. Ó ní, "Ṣé kí n sọ fún un?" Mo ti kọ́ bí a ṣe ń rán ojú ara tó ya, mo ti kọ́ bí a ṣe ń mú ẹ̀jẹ̀ dúró, ṣùgbọ́n èyí ò sí nínú ohun tí wọ́n kọ́ mi. Mo bu omi fún un. Ó mu ún, ó dìde, ó lọ.

Síkáànù ìkẹyìn ní ọmọ ò tóbi tó Dáre. Dókítà pe Bọ́sẹ̀ wọlé díẹ̀ ṣáájú ọjọ́ ìkúnlẹ̀, ó fún un ní oògùn tó máa mú ìrọbí bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ ìsinmi mi ni, mo sì lọ bí ẹni tó lọ kí ènìyàn, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n wọlé. Ṣáájú ohunkóhun, agbẹ̀bí ibẹ̀ ti pín iṣẹ́ lójú Bọ́sẹ̀: ẹni tó máa gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹni tó máa gbé òsì, ẹni tó máa gbé ọwọ́ lé òkè egungun, ẹni tó máa gba ọmọ. Èmi ni wọ́n fún ní ẹsẹ̀ ọ̀tún, Káyọ̀dé ló ni ẹsẹ̀ òsì. Ó ti fọ gbogbo ìyẹ̀fun pákó kúrò lójú.

Ọ̀sán ni orí jáde. Ó dúró. Ó fà sẹ́yìn díẹ̀.

"Bọ́sẹ̀," agbẹ̀bí náà wí, ohùn rẹ̀ ò ga, "èjìká ni. Má tì í báyìí. A fẹ́ ká orúnkún rẹ sókè."

"Mo ti gbọ́," Bọ́sẹ̀ dáhùn. Ó la ojú sílẹ̀.

Èmi gbé ẹsẹ̀ kan, Káyọ̀dé gbé ìkejì, a ká a wá sí àyà rẹ̀. Agbẹ̀bí kejì fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ òkè egungun iwájú yẹn, ó ń tì í sí ẹ̀gbẹ́, bí a ṣe ń da àga. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan òkè ikùn. Dókítà ní, "Ó ti yí. Ó yá, tì í díẹ̀." Ọmọ náà yọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá figbe bọnu.

Bọ́sẹ̀ ò béèrè bóyá akọ ni tàbí abo. Ó ní, "Apá rẹ̀ ńkọ́?" Agbẹ̀bí gbé ọmọ náà sókè kó rí i. Obìnrin ni, ó ń ju apá méjèèjì bí ẹni tó ń bá ènìyàn jà. Káyọ̀dé ò tíì sọ ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀, ó ń sunkún.

Ìgbà tí a tún gbogbo nǹkan ṣe tán, mo jáde. Màmá Káyọ̀dé wà lórí bẹ́ǹṣì, Dáre sùn lé e lẹ́sẹ̀. Mo ní Bọ́sẹ̀ ní kó wọlé. Bọ́sẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, mi ò fi kún un.

Ó wọlé. Kò lọ síbi tí ọmọ wà. Ó lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Ìyá Dáre," ó wí, "èmi ni mo tẹ ikùn rẹ lọ́jọ́ yẹn. Ìwọ kọ́ lo ṣe apá ọma. O kú ewu Dáre."

Bọ́sẹ̀ wò ó títí. Mo rò pé ó máa yí ojú sí ògiri, bó bá sì yí i, n kò ní bá a wí. Ó sún díẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, àyè kan ṣí sílẹ̀.

"Ẹ ṣé, Màmá. Ẹ jókòó, kí ẹ gbé e."

Màmá náà jókòó, ó na ọwọ́ méjèèjì.

"O kú ewu èyí náà," ó wí.