Ìwé Rọ́kẹ́ẹ̀tì Tí Mo Gbé Nílẹ̀

Aṣọ ibùsùn àwọn Àlàájì ni mò ń sá lórí òrùlé ní Misfalah, ní Mẹ́kà, nígbà tí ọmọbìnrin ọ̀gá mi ní Jẹ́dà fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Ó ní ìwé kan dín nínú páálí kẹta lára àwọn ìwé bàbá òun, àwọn ará yunifásítì sì ń bọ̀ wá kó páálí lọ́la. Tí n kò bá rí i, kí n má wulẹ̀ padà wá.

Àlàájà tó ni ilé gbọ́ ọ. Ó ní, "Ìwọ tí o ò níwèé ìgbélùú fúnra rẹ, ìwé ọ̀gá rẹ lo tún lọ sọ nù."

Bàbá arúgbó ni ọ̀gá mi, ní Sharafiyah, ní Jẹ́dà. Ó kàwé ní Jámánì nígbà èwe rẹ̀, ó sì ṣe ẹ̀dà àwọn ìwé tí wọ́n tọ́jú síbẹ̀ nípa rọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ṣe nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Èmi ni mò ń fi ẹ̀rọ yà wọ́n sínú kọ̀ǹpútà, ní ewé kọ̀ọ̀kan, títí ẹ̀yìn á fi máa ro mí. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti gbà kí n mú ọmọ mi dání, èmi tí n kò ní ìkáámà, ìwé ìgbélùú wọn. Abẹ́ tábìlì ló ń sùn.

Mo jókòó ti abọ́ aṣọ. Mo ti rántí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìwé kan já bọ́ sílẹ̀. Bàbá ti kọ Bísímíláhì sí ẹ̀yìn rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ rẹ̀. Wọn ò tọ́ wa láti fi orúkọ Ọlọ́run sílẹ̀ kí ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Mo wo ojú kejì, nọ́ńbà lásán ló kún ibẹ̀. Mo rò pé ó ti jù ú nù ni, mo bá gbé e lọ sínú àpótí tí wọ́n ń kó ìwé tó ní orúkọ Ọlọ́run sí lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí.

Mo lọ mú ọmọ mi níbi tí mo fi í sí, a sì wọ ọkọ̀ padà sí Jẹ́dà. Àpótí ti ṣófo. Ẹni tó ń gbá mọ́sálásí ní wọ́n ti kó wọn lọ jó, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe kí orúkọ Ọlọ́run má baà bọ́ sí ààtàn.

Mi ò lágbára irọ́ mọ́. Mo sọ ọ́ fún bàbá bó ṣe jẹ́. Ó ní òun lòun kọ Bísímíláhì síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n fipá mú ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn nínú ihò abẹ́ òkè ni nọ́ńbà wọ̀nyẹn. Nọ́ńbà ni wọ́n fún wọn, wọn ò kọ orúkọ wọn."

Ọmọ rẹ̀ ní àwọn á kọ̀wé sí Jámánì fún ẹ̀dà òmíràn, ṣùgbọ́n kí n fi kọ́kọ́rọ́ ilé sílẹ̀, kí n má padà wá mọ́.

Lórí àtẹ̀gùn, ọmọ mi fi Lárúbáwá bi mí ìdí tí a ò fi dúró kí òun sùn lábẹ́ tábìlì. Mo gbé e pọ̀n bó tilẹ̀ ti tóbi.

Mo ní, "Ìyá rẹ ló ṣàṣìṣe. Tó o bá rí ìwé nílẹ̀, ṣì máa gbé e. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ bèèrè ẹni tó ni ín."