Ṣẹ́ẹ̀fù wa, Linux mi kò kúrò níbì kankan!

Lónìí, ọ̀gá wa, tí a ń pè ní ṣẹ́ẹ̀fù, ní kí n pa Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà mi, rẹ́, kí n fi Windows bíi tàwọn yòókù sí i. Ní ọ́fíìsì wa ní Atakpamé, ní Tógò, a so kọ̀ǹpútà gbogbo wa pọ̀ kí wọ́n jọ ṣírò bí odò Mono ṣe máa kún. Windows tàwọn yòókù ń pe fódà tí gbogbo wa jọ ń lò ní Z, Linux tèmi ń pè é ní /mono, àwọn kọ̀ǹpútà náà ò wá rí fáìlì ara wọn.

Ṣẹ́ẹ̀fù ní, "Orúkọ kan ni kí gbogbo wọn máa pè é!"

Mo ní, "Ọ̀gá, kí ni ìyàwó yín ń pe àbúrò yín?"

Ó ní, "Akọ̀wé."

Mo ní, "Ṣé orúkọ tí ìyá yín sọ ọ́ nìyẹn? Ṣebí ìyàwó kì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ ni? Síbẹ̀, ṣé àbúrò yín kì í dá a lóhùn?"

Mo kọ ọ́ sínú ètò tó ń ṣírò náà pé Z àti /mono, ọ̀kan náà ni. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ wẹ́rẹ́.

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, kí lẹ̀ ń pe àbúrò ọkọ yín? Ẹ kọ ọ́ síbí, kí ṣẹ́ẹ̀fù rí i.