Káàdì Tí Kò Mọ Ilé Wa

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbòmìnira lẹ́nu iṣẹ́ télọ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó nígbà náà, òyìnbó ṣì ń ṣèjọba, ìgbéraga sì wà lára mi. N kò ní purọ́. Ojú mi wà lára iṣẹ́ rírán yunifọ́ọ̀mù àwọn ìránṣẹ́ ọ́fíìsì kan ní Tinúbú. Mo ní n kò lè lọ bá ọ̀gá akọ̀wé ibẹ̀ lọ́wọ́ òfo; mo gbọ́dọ̀ ní káàdì bíi ti àwọn lọ́yà.

Bàbá atẹ̀wé kan, ará Ìjẹ̀bú, ló bá mi tò ó. Ó ń ṣa lẹ́tà òjé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní, “Kí la fẹ́ kọ sí àdírẹ́sì?”

Mo ní nọ́ńbà ilé.

“Ṣé a ò ní kọ Ilé Ìyá Ọlọ́ṣẹ sí i?”

Ìyá bàbá mi ni Ìyá Ọlọ́ṣẹ. Òun ló tọ́ mi, ọṣẹ dúdú tó ń tà ló sì fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ fún mi. Ṣùgbọ́n ọṣẹ dúdú, lórí káàdì tí ọ̀gá akọ̀wé máa kà? Ojú ń tì mí.

“Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, Bàbá.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó tẹ ohun tí mo fẹ́. Káàdì náà rẹwà, ká sòótọ́: páálí funfun, lẹ́tà dúdú tó ń dán.

Mo mú un lọ fún ọ̀gá akọ̀wé, ó sì wù ú. Ó ní òun á wá wo ọwọ́ iṣẹ́ mi ní Sátidé. Mo gbálẹ̀, mo lọ aṣọ, mo jókòó dè é títí wọ́n fi pe ìrun àsárì. Kò wá.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè mo lọ bá a.

“Mo wá o! Kò sẹ́ni tó mọ nọ́ńbà yẹn. Gbogbo wọn ń bi mí pé, ‘Ilé ta ni?’ Kí ni kí n sọ?”

Ta ló ń wo nọ́ńbà ní Ìsàlẹ̀ Èkó? Èmi tí wọ́n bí síbẹ̀ ló wá gbàgbé pé orúkọ onílé la fi ń mọlé! Ó da káàdì náà padà fún mi.

“Lọ kọ ohun tí mo lè béèrè sí i. Bí n kò bá rí ọ ní Sátidé yìí, mo ti gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn.”

Mo sáré padà sọ́dọ̀ Bàbá atẹ̀wé. Kò bú mi. “Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀...” ló sọ, kò parí ẹ̀. Ó fa dúrọ́ọ̀ yọ. Ìlà kan ti wà níbẹ̀ tó ti tò, tó fi òwú dì: Ilé Ìyá Ọlọ́ṣẹ, ẹ̀yìn mọ́sáláṣí.

“Mo mọ̀ pé o máa padà wá.” Ó tẹ káàdì tuntun, mo sì mú ọ̀kan lọ fún ọ̀gá akọ̀wé.

Ní Sátidé, Màmá, Ìyá Ọlọ́ṣẹ fúnra rẹ̀, ló fa ọ̀gá akọ̀wé lọ́wọ́ wọlé. Ẹni àkọ́kọ́ tí ọ̀gá béèrè ilé lọ́wọ́ rẹ̀ ló mú un lọ bá Màmá nídìí ọṣẹ. Mo ríṣẹ́ náà gbà, alihamudulilahi.

Nígbà tí ọ̀gá lọ tán, mo ka ìlà tuntun orí káàdì náà fún Màmá, torí kò mọ̀wé.

“Tún un kà.”

Mo tún un kà.

“Èmi ni wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn?”

“Ẹ̀yin ni, Màmá.”

Ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Káàdì yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi, àmì ọṣẹ ṣì wà lára rẹ̀. Mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá atẹ̀wé: èmi ni mo fẹ́ fi ìyá yìí pa mọ́, òun ni kò gbà fún mi.